Ìgbà èwe tó korò àti iṣẹ́ ọnà: ohun tí àwa Yorùbá ní Àbújá àti Òkè Ọya máa ń béèrè

Púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí wá láti ẹnu àwọn tó ń kọ́ àwòrán àti àdìrẹ lọ́dọ̀ mi ní Kubwa. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ òǹkọ̀wé, àwọn kan ń ya fọ́tò, ọ̀kan ń ránṣọ. Yorùbá ni gbogbo wọn, àmọ́ Kàdúná, Jos, Minna, Funtua àti Sabon Gari Kánò ni wọ́n ti dàgbà. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ibi tó bá ti di ọ̀rọ̀ dókítà, màá sọ. Kò pọn dandan kí ẹ kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè tó bá ń dùn yín jù, ẹ fò ó.

Ta ni kò jìyà lọ́mọdé? Ṣé gbogbo ẹgba la fẹ́ máa pè ní ọgbẹ́ ọkàn ni?

Rárá o. Bí a bá ní ká máa ka ẹgba, ta ló máa yọ? Ohun tí mò ń sọ ni ìyà tó pọ̀ tàbí tó pẹ́ débi pé ọmọ kò rí ibì kankan nínú ilé tí ọkàn rẹ̀ ti lè balẹ̀. Ọmọ tí wọ́n nà nítorí pé ó fọ́ abọ́, tó sì mọ̀ pé torí abọ́ ni, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ tó ń fetí sí ìró bàtà bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó lè mọ irú alẹ́ tí alẹ́ ọjọ́ náà máa jẹ́.

Ní 1998, Vincent Felitti, Robert Anda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn dókítà ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Ohun méje ni wọ́n bi àwọn àgbàlagbà léèrè bóyá ó ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́mọdé: lílù, èébú àti ìhàlẹ̀, ìfipábánilòpọ̀, ìyá tí wọ́n ń lù, ará ilé tó ń mutí àmupara tàbí tó ń lo oògùn olóró, ará ilé tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, àti ará ilé tó ṣẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá ti fara gbá mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ọtí àmujù, oògùn olóró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìgbìyànjú láti pa ara ẹni fi ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá ju ti ẹni tí kò fara gbá ìkankan. Ewu ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé ó di dandan. Ọ̀pọ̀ ló fara gbá tí wọn ò sì mutí.

Ṣùgbọ́n San Diego ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yẹn, kì í ṣe Sabon Tasha ní Kàdúná. Wọn ò béèrè nípa ìjà ìlú. Wọn ò béèrè nípa ọmọ tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì Ghana-Must-Go láti Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ní àǹtí kan fẹ́ rán an níléèwé l'Ábújá, tó wá jẹ́ pé ẹnu iléèwé ló ti ń ta omi inú ọ̀rá. Wọn ò béèrè nípa ilé olórogún níbi tí oúnjẹ ti ń fi ẹni tí wọ́n fẹ́ràn hàn. Àwa la máa fi tiwa kún un. Ní Nàìjíríà níbí, ìwádìí kan tí àjọ ètò ìkànìyàn, UNICEF àti CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, jọ ṣe ní 2014 sọ pé nǹkan bí mẹ́fà nínú ọmọ mẹ́wàá ló ti fojú winá ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Nítorí náà, bí ẹ bá rò pé ẹ̀yin nìkan ni, ẹ kò dá wà.

Ọdún 2000 ni wọ́n jó ilé wa ní Kàdúná. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ. Kí ló dé tí àyà mi ṣì ń já bí àwọn ọmọdé bá yin báńgà nígbà Kérésì?

Nítorí pé ara kì í wo kàlẹ́ńdà. Apá kan wà nínú ọpọlọ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amygdala. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ké gbàjarè kí apá tó ń ronú tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nínú ọmọ tó ti rí iná àti àdá, apá yìí kọ́ ẹ̀kọ́ kan, kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́: ariwo tó bá bú lójijì, sísá ló kàn. Ojo kọ́ o. Ẹ̀kọ́ yẹn wúlò ní oṣù kejì àti oṣù karùn-ún 2000. Ó tún wúlò fún àwọn tó wà níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2002, àti ní oṣù kẹrin 2011 lẹ́yìn ìbò. Òórùn táyà tó ń jó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìró ogunlọ́gọ̀ èèyàn láti òkèèrè lè ṣe bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò.

Ohun kan wà nínú ọ̀ràn Kàdúná tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kà mọ́ àdánù. Lẹ́yìn ọdún yẹn, ìlú pín sí méjì. Púpọ̀ nínú àwọn Kristẹni kó lọ sí gúúsù odò, sí Sabon Tasha àti Kakuri. Púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá, sí Tudun Wada àti Rigasa. Fún ẹ̀yà mìíràn, ìyẹn lè rọrùn. Ṣùgbọ́n ilé Yorùbá, ilé tí Alhaji àti Díákónì ti jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, odò wá là wọ́n láàárín. Ọmọ pàdánù bọ̀ọ̀dá àti ọ̀rẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kankan kú. Kò sí ẹni tó wá kí i kú ìrọ́jú. Mo ti rí ẹni tó ń ya afárá léraléra tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìdí rẹ̀.

Bí àyà bá ń já: ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ máa dárúkọ ohun tí ojú yín ń rí nínú yàrá sókè, kí èémí tó ń jáde sì gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tiwa kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kankan láti bí ogúnjọ́ oṣù Kejìlá títí àwọn ọmọ á fi yin báńgà wọn tán. Kanfasi àtijọ́ ló máa ń tún ṣe nígbà náà. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìyà tí mo jẹ ló sọ mí di ayàwòrán. Ṣé òótọ́ ni?

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ibi tí mo sì ti máa ń bá àwọn olólùfẹ́ iṣẹ́ ọnà jiyàn nìyí. Àbúrò yín tí ẹ jọ sùn lórí ẹní kan náà, tí ẹ jọ jẹ ẹgba kan náà, ṣé òun náà ń yàwòrán? Bí ìyà bá ń bí iṣẹ́ ọnà ni, àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Maiduguri ì bá ti di olú ìlú ayàwòrán ní gbogbo ayé. Ńṣe ni ìyà máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ó ń gba oorun. Ó ń gba ìfọkànsí. Ó ń gba ìgboyà láti ṣe ohun tó lè bàjẹ́ níṣojú ẹlòmíràn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí gan-an ni iṣẹ́ ọnà ń béèrè.

Ẹ wo Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye. Ọmọ Ògìdì-Ìjùmú ní Kogí ni, Òkè Ọya sì ni ìlú náà wà nígbà tí wọ́n bí i ní 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá-ńlá rẹ̀ ló tọ́ ọ, tó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ aṣọ. Lónìí, ilé ìṣàfihàn rẹ̀ wà ní Èkó, Òṣogbo, Ògìdì àti Àbújá níbí. Bí àwọn oníròyìn bá fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ikú ìyá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Apá kejì lèmi máa ń wò: àgbàlagbà kan jókòó tì í, ó fún un ní òwú, ó sì ní sùúrù. Ikú ìyá kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní aṣọ híhun rí.

Tàbí Ladi Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Kwali, nínú agbègbè Àbújá yìí, ni wọ́n bí i sí, ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí ti bàbá rẹ̀ obìnrin kan ló kọ́ ọ ní ìkòkò mímọ lọ́mọdé. Ní 1954 ó dara pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò kan, dá sílẹ̀ ní Suleja, ìlú tí wọ́n ń pè ní Àbújá nígbà náà, ayé sì gbọ́ nípa rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ìyà la fi mọ̀ ọ́n. Ìkòkò la fi mọ̀ ọ́n.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun kan tó wọ́pọ̀ l'Ábújá. Ìlú yìí kún fún àjọ aláàánú. Wọ́n á pe ọ̀dọ́ tó ń yàwòrán síbi ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní kó sọ bí wọ́n ṣe fipá bá a lò pọ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fún un lówó mọ́tò. Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á tún pè é, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Bí ó bá ya ewúrẹ́ wá, kò sẹ́ni tó máa rà á. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ya ewúrẹ́. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtàn ìfẹ́ tí kò ní ẹkún nínú, láti ya fọ́tò òrùlé Gwarinpa ní ọ̀sán gangan, kí ẹ má sì fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ ilé yín títí láé.

Bí mo bá kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi sílẹ̀, ṣé màá gbádùn?

Ó lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. Ní 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀ léra. Àwọn kan kọ nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé wọn, àwọn yòókù kọ nípa nǹkan lásán. Àwọn tó kọ nípa ìrora sọ pé inú wọn bàjẹ́ sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n láàárín oṣù mélòó kan tó tẹ̀ lé e, wọn ò lọ sílé ìwòsàn iléèwé tó àwọn yòókù. Wọ́n ti tún irú ìwádìí yìí ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Àǹfààní wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ lápapọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni ìṣẹ́jú 15 yẹn. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Ẹni tó bá jókòó láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di ìdájí, tó ń tú gbogbo inú rẹ̀ síta lóun nìkan, kò ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ fi fóònù yín sí ìṣẹ́jú 15. Bó bá dún, ẹ pa ìwé dé, ẹ lọ fọ abọ́ tàbí kí ẹ lọ ra ẹ̀wà níta. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọ ọ́ ni ẹ kì í lè sùn, ẹ dáwọ́ dúró, ó ti di ọ̀rọ̀ oníṣègùn.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín èyí tí ẹ kọ fún ara yín àti èyí tí ẹ fẹ́ kí èèyàn kà. Èyí àkọ́kọ́ lè jẹ́ jákujàku, ẹ sì lè ya á tàbí kí ẹ jó o. Èkejì jẹ́ iṣẹ́: ó nílò kí ẹ tún un kọ, kí ẹ gé e, kí ẹ wá ọ̀nà tí òǹkàwé máa gbà wọlé. Bí ẹ ò bá tíì lè gé gbólóhùn kan kúrò nínú rẹ̀ láìsunkún, kò tíì di ìwé.

Haúsá ni mo fi ṣeré lọ́mọdé, Yorùbá ni wọ́n fi ń bú mi nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kàwé. Èwo ni kí n fi kọ ìtàn mi?

Èyí tó bá jẹ́ kí ọwọ́ yín lè rìn. Mo mọ àwọn tí kò lè kọ ohun tí ìyàwó bàbá wọn sọ ní Yorùbá, nítorí pé bí wọ́n bá ti kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, wọ́n tún ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ò ti wọra tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe ọdún kan, wọ́n á mú un padà wá sí Yorùbá, ibẹ̀ ni ìwé á ti wá láàyè. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Ẹ má sì fojú kéré Haúsá. Láti bí ọdún 1980 síwájú ni àwọn obìnrin Kánò ti ń kọ ìwé ìtàn kéékèèké tí wọ́n ń tà lọ́jà, nípa ìgbéyàwó tipátipá, nípa ìjà orogún, nípa ọmọdébìnrin tí wọ́n yọ níléèwé. Àwọn àgbà kan bú wọn gan-an. Obìnrin tó ń dáná ló ń rà á, ó sì ń kà á tán. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Sabon Gari, tó gbọ́ Haúsá yékéyéké, tó wá ń sọ pé òun ò rí àpẹẹrẹ ẹni tó sọ ìrora ilé di ìwé, kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni.

Pásítọ̀ mi ní kí n dárí ji ẹni tó ṣe mí níkà, kí n sì gbàgbé. Ìmáàmù ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbàdúrà yín. Àdúrà ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ró, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáríjì yàtọ̀ sí ìgbàgbé, a sì ní ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ lè dárí ji èèyàn kí ẹ má sì fi ọmọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìsinmi.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbààwẹ̀ dípò oògùn tí dókítà kọ, ẹ kọ̀. Bí wọ́n bá ti mẹ́nu ba ẹgba tàbí ẹ̀wọ̀n, ẹ sá. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá tú èèyàn tó lé ní 300 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Rigasa, Kàdúná. Wọ́n ti de ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lórúkọ pé wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwà rere. Ẹbí ló mú púpọ̀ wọn lọ síbẹ̀.

Àwọn ẹbí mi ní bí mo bá gbé ìtàn mi jáde, mo ti dójú ti ìdílé. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí le, mi ò ní ṣe bí ẹni pé ó rọrùn. Nínú àṣà wa, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tó bá wá ń kó ẹ̀gbin ilé ròde, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ. Èèyàn á pè yín láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà, àní láti London. Ẹni tó ṣe yín níkà lè má sọ nǹkan kan. Ẹni tó ń ṣàánú yín gan-an ló máa bẹ̀ yín pé kí ẹ ní sùúrù, nítorí màmá, nítorí ìgbéyàwó àbúrò yín.

Ẹ má kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Ẹ parí iṣẹ́ náà ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jà fún ìwé tí wọn ò tíì kọ, ìjà náà á wá jẹ gbogbo agbára tí wọn ì bá fi kọ ọ́. Iṣẹ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò tíì dójú ti ẹnikẹ́ni.

Bó bá wá tó àkókò láti gbé e jáde, ọ̀nà pọ̀. Olóògbé Oyin Adéjọbí gbé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ sórí ìtàgé, lẹ́yìn náà sínú fíìmù, gẹ́gẹ́ bí eré tí gbogbo ayé lè wò. Àwọn tó wò ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, kò dà bí ẹjọ́ tí wọ́n ń rò ní kóòtù. Ẹ lè yí ìlú padà, kí ẹ yí iṣẹ́ padà, kí ẹ sọ àbúrò bàbá di olùkọ́. Ayàwòrán tiẹ̀ rí i ṣe jù wá lọ: àwọ̀ kì í dárúkọ ẹni.

Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ gan-an, ẹ lọ bá lọ́yà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Òfin Penal Code tí wọ́n ń lò l'Ábújá àti ní Òkè Ọya ka ìbanilórúkọjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé kóòtù ọ̀daràn, yàtọ̀ sí pé ẹni náà tún lè pè yín lẹ́jọ́ owó. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, Òfin Cybercrimes ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òótọ́ máa ń gbeni lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ ní láti lè fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ní ogún ọdún sẹ́yìn kì í sábà ní ẹlẹ́rìí.

Mi ò rántí dáadáa. Bí mo bá fi àròsọ dí ihò ibẹ̀, ṣé irọ́ ni mò ń pa?

Bí ẹ bá pè é ní àròsọ, rárá. Bí ẹ bá pè é ní ìtàn ìgbésí ayé, ẹ sọ ibi tí ẹ ò rántí. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í rántí lẹ́sẹẹsẹ. Ó lè rántí àwọ̀ kọ́tìnì kó má rántí oṣù. Kọ́tìnì náà tó ohun tí èèyàn ń kọ.

Ṣé wèrè ni mí, tí ẹ fi ní kí n lọ rí dókítà ọpọlọ?

Ẹ kì í ṣe wèrè. Àwọn tó rò pé nǹkan òyìnbó ni ìtọ́jú ọkàn, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, níbi tí aláìsàn ti ń gbé nínú ilé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn lójúmọ́. Ayé wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wa.

Ní Àbújá, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada àti ní ilé ìwòsàn gbogbogbòò Karu. Ní Kàdúná, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ọpọlọ wà ní Barnawa. Irú rẹ̀ wà ní Maiduguri, òmíràn wà ní Kware, lẹ́bàá Sókótó. Ẹ mú owó káàdì àti sùúrù dání, ẹ jí lọ.

Fún ọgbẹ́ ọkàn, àjọ ìlera àgbáyé gbani níyànjú ní 2013 pé kí àwọn dókítà lo ìtọ́jú oníjíròrò tó dojú kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní EMDR, níbi tí aláìsàn á ti máa yí ojú lọ yí ojú bọ̀ bó ṣe ń rántí. Àjọ náà sọ pé kí wọ́n má fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàgbákò ní oògùn afúnnisùn bíi diazepam láti fi wo ìpayà náà. Nítorí náà, bí kẹ́míìsì àdúgbò bá ń ta Valium, ìyẹn diazepam kan náà, fún yín lóṣooṣù, kì í ṣe ìtọ́jú ló ń ṣe. Òfin tuntun fún ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn, ó sì rọ́pò òfin àtijọ́ tó jẹ́ pé wèrè ló ń pe gbogbo wa.

Bí ẹ bá ń gbèrò láti pa ara yín, ẹ má dúró de àpọ́ńmẹ́ǹtì. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ó mú yín lọ sí pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù. Kò sí iṣẹ́ ọnà kankan tó ní kí ẹ kọ́kọ́ parí òun.

Igbó díẹ̀ ńkọ́? Òun ló ń jẹ́ kí n lè ṣiṣẹ́.

Òun ló ń jẹ́ kí ẹ rò pé ẹ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe lálẹ́ pẹ̀lú ojú òwúrọ̀. Kodéìnì àti trámádọ́ọ̀lù sì ti ba ọ̀dọ́ Òkè Ọya jẹ́ débi pé ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oníkodéìnì wọlé ní oṣù karùn-ún 2018. Ẹni tó bá ti ń lò ó lójoojúmọ́, kó má ṣe já a lójijì lóun nìkan; dókítà ni kó rí.

Yàrá kan là ń gbé ní Mararaba, èmi, ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Níbo ni màá ti rí àyè ṣe iṣẹ́ ọnà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya jà láàárọ̀ àti lálẹ́, mo kí yín. Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ yá sítúdíò. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ohun èlò yín kéré tó ohun tí a lè kó sínú páálí kan, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má sì fọwọ́ kàn án. Páálí yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó dàgbà níbi tí wọn ò ti jẹ́ kó ní ohunkóhun ní tirẹ̀, tí wọ́n ń tú àpò rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìwé rẹ̀ dáná, ó nílò ibì kan, bó ti wù kó kéré tó, tí kò sí ẹni tó máa tú u. Obìnrin kan sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé tí wọ́n bá fọwọ́ kan páálí yẹn, kò ní nà wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní sọ ìtàn alẹ́ fún wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án rí.

Àkókò tó dúró sójú kan dára ju àkókò gígùn lọ. Ara tó ti kọ́ pé nǹkan búburú lè ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà máa ń balẹ̀ bí ó bá mọ ohun tó kàn: aago márùn-ún àárọ̀, tíì, ìkọ̀wé, ó tán. Àwọn kan máa ń rò pé oníṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ máa dúró de ìmísí. Ìyẹn dára fún ẹni tí ìgbà èwe rẹ̀ tòrò.

Bí ẹ bá fẹ́ wo iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ lọ sí Thought Pyramid ní Wuse 2 tàbí ilé ìṣàfihàn Níkẹ̀ẹ́, ẹ rọra wò, kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín ra nǹkan.

Ṣé kí n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí n lè gbájú mọ́ iṣẹ́ ọnà?

Rárá. Owó ilé ọdún kan tàbí méjì tí àwọn onílé Àbújá ń gbà lẹ́ẹ̀kan á dá ẹ̀rù àtijọ́ padà sí yín lára. Ẹ ṣe é ní àárọ̀ Sátidé títí iṣẹ́ ọnà á fi máa san owó ilé fúnra rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ (Copyright Act) ti 2022, iṣẹ́ yín ti di tiyín láti ìgbà tí ẹ bá ti gbé e kalẹ̀, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí ẹ kò fi sílẹ̀, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín, àyàfi fọ́tò, tí iye ọdún tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó ní kí ẹ kó gbogbo ẹ̀tọ́ sílẹ̀ nítorí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà.

Bí ẹnì kan bá ti sọ pé iṣẹ́ mi kù díẹ̀ káàtó, ńṣe ló ń ṣe mí bíi kí n fà á ya.

Ohùn àtijọ́ lẹ ń gbọ́ lábẹ́ ohùn ẹni náà. Ẹ ní kí wọ́n kọ àríwísí wọn sílẹ̀ dípò kí wọ́n sọ ọ́ lójú yín, kí ẹ má sì kà á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ yan ẹnì méjì péré tí ẹ máa ń gbọ́ tiwọn. Èrò tó pọ̀ jù kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá tó bá ń pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́, tó ń pe ariwo náà ní ìkọ́ṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Ẹ ti gba irú ẹ̀kọ́ yẹn tán nílé.

Ọmọ kan wà nínú kọ́ńpáǹdì wa nísinsìnyí. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi gan-an ni wọ́n ń ṣe fún un. Kí ni mo lè ṣe?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá. Ó lòdì sí i kí a fi ọmọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbi tí kì í ṣe ilé tàbí àyíká ẹbí rẹ̀. Òfin VAPP ti 2015 náà wà, èyí tó dá ìyà fún ìfipábánilòpọ̀, ì báà jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ṣe é fún, àti fún ìlukúlù nínú ilé. NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, tí olú iléeṣẹ́ wọn wà l'Ábújá, ló ń mú òfin yẹn ṣẹ níbí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, ilé ìwòsàn ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ dé, láàárín wákàtí 72 bó bá ṣeé ṣe, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV, kí wọ́n má sì fọ aṣọ tó wọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ má lọ kojú ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ fúnra yín kí àwọn aláṣẹ tó dé. Wọ́n lè kó ọmọ náà lọ sí ìlú mìíràn lóru.

Láàárín ìgbà yẹn, bó bá wá bá yín láti wá yá iyọ̀, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń pè é. Bó bá ń wo ohun tí ẹ ń yà, ẹ fún un ní pẹ́ńsù kan àti bébà.